Ta Ló Ń Gbe Orin Ní Yàrá Ẹ̀yìn?

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá gbà, kó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ẹdẹ, kó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Alájùé, kó béèrè agboolé Àtàndá. Yàrá ẹ̀yìn náà ṣì wà níbẹ̀. Wọn kì í tilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́. Kó béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Àwáwù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má béèrè nígbà tí obìnrin náà bá ń bó ẹ̀gúsí, nítorí kì í fẹ́ kí wọ́n yọ òun lẹ́nu nídìí iṣẹ́.

Agboolé Àtàndá tóbi, àmọ́ ó dákẹ́. Yàrá ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn ibẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Èkó, àwọn kan ti lọ sí òkè òkun, àwọn àgbà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọmọdé ti sunkún níbẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó kù kò ju Àwáwù lọ, àti Bàbá Bùràímọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Bàbá náà ni baálé. Fawziyah, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwáwù bí, wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í lórí fóònù pé ìgbà wo ló máa wálé, èsì kan náà ló máa ń fún un.

"Ìyá, ilé yẹn dákẹ́ jù. Ó ń bà mí lẹ́rù."

Àwáwù kì í bá a jiyàn. Òun alára, bí ó bá ń bó ẹ̀gúsí lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìró èèpo ẹ̀gúsí nìkan ni etí rẹ̀ máa ń gbọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohùn tó ń báni sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹlégbè ni obìnrin yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣì ní agbára, kò sí ẹgbẹ́ oníwákà ládùúgbò tí kì í bẹ̀ ẹ́. Bí àwọn alàájì bá ti Mẹ́kà dé, ẹgbẹ́ oníwákà ló máa ń fi orin pàdé wọn. Àwáwù kì í dá orin. Ó máa ń gbè é ni, ohùn rẹ̀ á sì nà gbọọrọ títí ẹni tó dá orin á fi sinmi dáadáa. Nígbà tó yá, ikọ́ fée dé, ó gba èémí rẹ̀. Ó panu dé. Kò tún dán orin wò mọ́, àní nínú balùwẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó wá gba yàrá ẹ̀yìn.

Wọn ò gbà á láti sùn. Wọ́n gbà á láti máa pariwo. Dámiláre ń ta jìtá. Ọpẹ́olúwa ń lu ìlù òyìnbó. Ilé ìwé gíga kan náà, èyí tí ìjọ dá sílẹ̀, ni àwọn méjèèjì ń lọ. Roqeebah, ọmọ Ìwó tó ń kàwé ní pólì, ló ń kọrin. Ọmọ náà wé híjáàbù rẹ̀ dáadáa, ó mọ èèyàn kí, ó sì ń han bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Àwáwù fara dà á títí, ó sú u. Ó gba ọ̀dọ̀ baálé lọ.

"Bàbá, ariwo wọn pọ̀."

"Irú ariwo wo?"

"Irú tí mi ò gbọ́ rí."

Bàbá Bùràímọ̀ họ irùngbọ̀n rẹ̀. "Kò burú. Oníṣímẹ́ǹtì kan ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé òun fẹ́ fi yàrá yẹn kó ẹrù sí. Tí a bá kírun Jímọ̀ tán, màá wá ti ilẹ̀kùn."

Inú Àwáwù dùn. Ó ní òun fúnra òun lòun máa lọ sọ fún wọn.

Ọjọ́ Àtìnì ló lọ. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn.

"Àlàfo yẹn gùn jù," Dámiláre ń sọ. "Jẹ́ kí n fi jìtá dí i."

"Má dí i," Roqeebah dá a lóhùn. "Àyè ẹlégbè nìyẹn."

"Ẹlégbè wo? Àwa mẹ́ta náà la wà ńbí."

"Mo mọ̀. Mi ò lè dá orin kí n má fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbè é. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé wa n'Ìwó nìyẹn. Tí kò bá sí ẹlégbè, àyè rẹ̀ á ṣì wà."

Àwáwù dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ tó bá wá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ta ló tún ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlégbè láyé ìsinsìnyí?

Wọ́n rí i. Roqeebah kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá. Ṣé ariwo wa ni?"

"Kí lẹ ń pe irú orin yìí ná?"

"Pọ́ǹkì ni, Ìyá, orin líle àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó," Roqeebah ní. "Èyí tó bá rọra tutù, íńdì là ń pè é. Kò sí ọ̀gá tó ń rán wa níṣẹ́. Ohun tó bá wà níkùn wa là ń kọ."

"Ta ló ń rà á?"

"Kò tíì sẹ́ni tó rà á, Ìyá."

Àwáwù rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí kan, ó jókòó. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ kí òun gbọ́, kí òun lè mọ ohun tí òun máa bú.

Roqeebah gbé fóònù rẹ̀ sórí fèrèsé kó lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Orin náà le, ó sì yá. "Mo kanlẹ̀kùn, mo kanlẹ̀kùn, ta ló wà nílé?" Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. Àlàfo. Kò sí jìtá, kò sí ìlù. Orin á tún bú jáde. Bí wọ́n ṣe dé àlàfo kejì, wọ́n mú iná lọ. Sípíkà kú. Ojú ọ̀run ti ṣú fún òjò, inú yàrá sì ṣókùnkùn biribiri. Síbẹ̀ Roqeebah ò dákẹ́, Ọpẹ́olúwa náà ò sì dákẹ́. Wọ́n fi ẹnu àti ìlù nìkan kọ ọ́ parí.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe rí," Ọpẹ́olúwa sọ nínú òkùnkùn.

Roqeebah tẹ fóònù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn sí wọn lójú. Orin náà jáde. "Mo kanlẹ̀kùn, mo kanlẹ̀kùn, ta ló wà nílé?"

Àlàfo dé.

"Ta ló wà nílé..."

Ohùn kan ló gbè é. Ohùn ọmọdébìnrin. Ó rọra wọlé, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, bí ẹni tí kò tíì mọ orin náà tán. Bó sì ti fẹ́ parí, ohùn náà ṣẹ́ sí mẹ́ta. Yé. Yé. Yeè. Orin bú jáde padà.

"Ta nìyẹn?" Dámiláre béèrè.

Gbogbo wọn wo Àwáwù.

"Ẹ má wò mí. Mi ò la ẹnu."

Wọ́n tún un gbọ́. Ohùn náà wà níbẹ̀. Wọ́n tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Dámiláre ní ẹ̀jẹ̀ Jésù. Àwáwù ní aúsùbílláhì. Wọ́n jọ jáde síta, wọ́n lọ wo ẹ̀yìn yàrá. Ògiri tó ti wó ló wà níbẹ̀, àti igi ìbẹ́pẹ kan, àti koríko títí dé ìsàlẹ̀. Kò sí ipasẹ̀ ọmọdé kankan. Kò sí ọmọdé kankan nítòsí.

"Ìyá," Roqeebah ní, "ìṣẹ́lóhùn tó ṣe nígbẹ̀yìn yẹn, ṣé bẹ́ẹ̀ làwọn oníwákà Ẹdẹ ṣe ń parí orin?"

Àwáwù ronú. "Rárá o. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi."

Kò rántí sọ fún wọn pé wọ́n máa ti yàrá mọ́ wọn. Ó di ìgbà tó padà dé yàrá tirẹ̀ kó tó rántí, kò sì padà lọ.

Ẹ̀rù bà á, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé yàrá náà. Ó jókòó de àwọn ọmọ. Dámiláre ti fẹ́ gbé jìtá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ìyá àgbà tó jókòó láìsá, ojú tì í. Wọ́n kọ orin náà, wọ́n gba ohùn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Nínú fóònù, ọmọ náà wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò pẹ́ kó tó wọlé.

"Ó ti ń mọ̀ ọ́n," Ọpẹ́olúwa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bani jù. Òun náà ló sì ń fa Àwáwù padà síbẹ̀.

Roqeebah rí i pé ìyá ò fẹ́ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó fún un ní fóònù àti íyàpíìsì, ó ní kó máa gbọ́ orin àwọn mìíràn nígbà tó bá ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn ọmọ kan láti Gúúsù Áfíríkà ni. Àwọn kan láti ìlú òyìnbó. Àwọn kan láti Èkó níbí, inú gáréèjì bàbá wọn ni wọ́n ti kọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ Àwáwù ò ju "háà" lọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Kò gbọ́ èdè wọn. Ó gbọ́ inú wọn. Ohùn àwọn mìíràn ti há bíi ti àwọn ajísààrì nígbà tí ààwẹ̀ bá kù díẹ̀ kó parí, síbẹ̀ wọn ò fi pa mọ́. Bí onílù bá ṣì í lù, wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tó ń fi jìtá kọrin jẹ́jẹ́, Àwáwù sì ń gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé òjò ló ń rọ̀ níbẹ̀?"

"Òjò ni, Ìyá. Ó rọ̀ nígbà tó ń kọrin. Kò yọ ọ́ kúrò."

"Ó fi òjò sínú orin!" Àwáwù pàtẹ́wọ́. Ó ní kí wọ́n tún un fi sí i.

Láti ọjọ́ náà, kó tó dáhùn ìkíni ni á ti máa béèrè. "Ṣé òmíràn ti dé?" Bí òmíràn bá sì ti dé, ara rẹ̀ á yá gágá. Ọkàn rẹ̀ ti rò pé gbogbo orin tí òun máa fẹ́ràn láyé, òun ti fẹ́ràn wọn tán. Irọ́ ni. Orin tuntun ṣì wà. Ó tún ku ọ̀pọ̀lọpọ̀.

"Gbọ́ ibí yìí," ó sọ fún Roqeebah nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàrùba. "Èémí ọmọbìnrin yìí tán. Mo gbọ́ ọ. Ó ń mí gúlegúle."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n sì gbà á láyè kó kọrin?"

"Ìyá, ibẹ̀ gan-an ló ti dùn."

Àwáwù gbọ́ ibẹ̀ léraléra.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ó gba ọ̀dọ̀ baálé lọ. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti yàrá yẹn mọ́."

Bàbá Bùràímọ̀ wò ó. "Ìwọ lo ní kí n tì í."

"Èmi ni. Mo ti kọ́gbọ́n."

"Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi, Ìyá Fawziyah. Mo ti ṣèlérí fún oníṣímẹ́ǹtì. Ọ̀la Jímọ̀."

Àwáwù sunkún nígbà tó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn, àwọn ilẹ̀kùn tó wà ní títì, ó sì mọ bí ilé náà ṣe máa rí bí àwọn ọmọ bá lọ. Á dákẹ́. Á dákẹ́ títí wọ́n á fi wá gbé òun náà jáde. Ohùn ọmọ kékeré yẹn ńkọ́? Níbo ló máa kọrin?

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Bàbá Bùràímọ̀ ti mọ́sáláásí dé, ó wọ agbádá funfun, àgádágodo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ti tò síwájú yàrá, Àwáwù ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn láàárọ̀. Roqeebah na fóònù sí baálé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan kí ẹ tó tì í."

Ẹni tó bá mọ baálé nígbà èwe mọ̀ pé ọ̀gá àwọn ajísààrì ni. Etí rẹ̀ kì í ṣe etí lásán. Ó gbé fóònù sẹ́bàá etí rẹ̀, ó dijú. Orin náà dé àlàfo. Ohùn náà gbè é. Yé. Yé. Yeè.

Bàbá Bùràímọ̀ la ojú. Afẹ́fẹ́ ń mi ewé ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ògiri.

"Ọmọ ilé yìí ni," ó wí. "Ó jọ ohùn ìdílé wa."

Dámiláre fà sẹ́yìn. "Ṣé... èyí tó ti kú, Bàbá?"

"Mo mọ ohùn gbogbo ẹni tó ti kú nílé yìí. Àgbà wọn, èwe wọn. Èmi ni mo ń jí wọn sí sààrì, èmi ni mo ń gbọ́ wọn bí wọ́n bá dá mi lóhùn." Ó mi orí. "Èyí ò sí nínú wọn."

Bàbá Bùràímọ̀ dá fóònù padà. "Àmọ́ fóònù lè purọ́. Etí mi kì í purọ́. Ẹ kọ ọ́ lójú mi. Bí mo bá gbọ́ ọmọ yìí, ẹ dúró. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, ẹ máa lọ ní àlàáfíà."

Wọ́n wọlé. Ọpẹ́olúwa gbé ọ̀pá ìlù. Roqeebah bẹ̀rẹ̀. "Mo kanlẹ̀kùn, mo kanlẹ̀kùn, ta ló wà nílé?"

Àlàfo dé. Gbogbo wọn na etí. Kò sí nǹkan kan.

Orin bú jáde, ó tún dé àlàfo kejì. Kò sí nǹkan kan. Bàbá Bùràímọ̀ ti ṣí àgádágodo. Àwáwù gbọ́ bó ṣe dún nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ náà. Ẹlégbè ni. Ó ti ń wo àyè ẹlégbè tó ṣófo láti Àtìnì, kò sì lè fara dà á mọ́.

Nígbà tí àlàfo kẹta dé, ó la ẹnu.

"Ta ló wà nílé..."

Ohùn rẹ̀ jáde. Ó há, ó rẹlẹ̀, àmọ́ ó jáde. Ó fẹ́ nà án gbọọrọ bíi ti àtijọ́. Èémí rẹ̀ ò tó o. Ó dá a, ó tún mú un, ó dá a. Yé. Yé. Yeè.

Ọ̀pá ìlù bọ́ lọ́wọ́ Ọpẹ́olúwa.

Kò sẹ́ni tó parí orin náà. Roqeebah fi ọwọ́ bo ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bàbá Bùràímọ̀ wá àpótí, ó jókòó.

"Ìyá Fawziyah. Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá. Èémí mi ló tán."

"O ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀?"

"Láti ìgbà tí ikọ́ ti dé, mi ò kọrin rí. Òní ni."

"Ta ni ìwọ wá kọ́?"

Àwáwù wo àwọn ọmọ. Ó wo fóònù tó wà lórí fèrèsé.

"Mi ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni."

Baálé dìde, ó fi àgádágodo sínú àpò agbádá rẹ̀. Ó ní òun máa wá nǹkan sọ fún oníṣímẹ́ǹtì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹ má dí àlàfo yẹn o," ó sọ fún Dámiláre.

Nígbà tó lọ tán, wọ́n gbọ́ ohun tí fóònù gbà. Ohùn Àwáwù wà níbẹ̀. Ọmọ náà ò kọrin lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí gidi, Roqeebah gbé ohùn fóònù sókè pátápátá, wọ́n sì gbọ́ ọ lábẹ́ ohùn ìyá àgbà. Èémí kékeré kan ni. Ẹnìkan súnmọ́ tòsí, ó ń fetí sílẹ̀.

Ó ti tó oṣù mélòó kan. Àwọn mẹ́ta náà ṣì ń wá, Àwáwù sì ti di ẹlégbè wọn. Wọ́n ti kọrin ní pólì, wọ́n ti kọrin ní ìlú Awo, àwọn kan pariwo lé wọn lórí, àwọn kan sì béèrè pé níbo làwọn ti lè rí orin yìí gbọ́ sí i. Dókítà ti fún Àwáwù lóògùn tó ń la èémí. Ó ń lò ó dáadáa, àfi bó bá fẹ́ kọrin. Ní yàrá ẹ̀yìn, ó máa ń ṣẹ́ ohùn rẹ̀ sí mẹ́ta gẹ́lẹ́, bákan náà, lójoojúmọ́. Ó ní kí ọmọ tí kò tíì dé, tó ń fetí kọ́ ọ, má bàa ṣì í kọ́.

Fawziyah pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ìyá, kí ló ń pariwo nílé yẹn?"

"Orin ni. Ṣé kí n ní kí wọ́n dákẹ́?"

"Rárá. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ." Ó gbọ́ ọ títí. Ó wá ní òun máa wálé nígbà Iléyá, òun á sì pẹ́ díẹ̀.

Títí di bí a ṣe ń wí yìí, kò tíì sí ọmọdé kankan ní agboolé Àtàndá. Àwáwù ti gbé àpótí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Ọyẹ́ ti dé. Eruku rẹ̀ ń bo sípíkà, ó ń bo ìlù, ó ń bo fèrèsé àti ilẹ̀, àràárọ̀ ni Roqeebah ń gbá a. Kò sẹ́ni tó ń nu àpótí yẹn. Kò sì ní eruku.